Ọmọ ogúnléndé l'Abẹ́òkúta: kí ni kó kọ síbi tí wọ́n ti béèrè ìlú bàbá rẹ̀?

Fọ́ọ̀mù tí ilé ẹ̀kọ́ ń fún òbí tó fẹ́ fi ọmọ sílé ìwé l'Abẹ́òkúta kì í gùn. Orúkọ ọmọ, ọjọ́ ìbí, ẹ̀sìn, iṣẹ́ òbí, nọ́ńbà fóònù. Lẹ́yìn náà ló kan ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ tí ọmọ ti wá. Ìyá tí ogun lé kúrò ní Kamẹrúùnù á dá bírò dúró níbẹ̀. Tó bá kọ Kamẹrúùnù, wọ́n á ní kó mú ìwé wá. Tó bá kọ Ògùn, irọ́ ló pa. Tó bá kọ Cross River nítorí pé ibẹ̀ ló gbà wọlé, irọ́ náà ni. Òmíràn á fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, tíṣà á sì bá a kọ ohun tó bá wá sí i lọ́kàn. Ọmọ tó dúró ti ìyá rẹ̀ ń wò ó. Bó bá ti mọ̀wé kà, ó ti rí i pé ìbéèrè kan wà nípa òun tí ìyá òun kò rí dáhùn.

Ìbéèrè yẹn ju ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù lọ. Òfin wà nínú rẹ̀, ìtàn wà nínú rẹ̀, ọmọ kékeré tó fẹ́ mọ ẹni tí òun ń ṣe sì há sáàárín méjèèjì. Bí ìlú kan bá wà nílẹ̀ Yorùbá tó yẹ kó mọ bí wọ́n ṣe ń dá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lóhùn, Abẹ́òkúta ni.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí ogun náà ti wá. Ẹkùn mẹ́wàá ló wà ní Kamẹrúùnù. Mẹ́jọ ń lo Faransé, méjì ń lo Gẹ̀ẹ́sì. Ní 2016, àwọn lọ́yà àti olùkọ́ ní ẹkùn méjì tó ń lo Gẹ̀ẹ́sì fi ẹ̀hónú hàn ní Bamenda àti Buea. Ẹ̀sùn wọn ni pé ìjọba ń kó adájọ́ àti olùkọ́ tí kò gbọ́ ju Faransé lọ wá sí ilé ẹjọ́ àti ilé ìwé àwọn. Ìjọba fi ọlọ́pàá àti ṣọ́jà dá wọn lóhùn. Nígbà tó di oṣù Kìíní 2017, wọ́n gé íntánẹ́ẹ̀tì ẹkùn méjèèjì fún ìgbà pípẹ́. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún náà, àwọn tó fẹ́ ya kúrò kéde orílẹ̀-èdè tuntun tí wọ́n pè ní Ambazonia. Láti ìgbà náà ni ìbọn ti ń dún, tí wọ́n ń jó abúlé, tí ilé ìwé ń di títì. Àwọn tó wà lẹ́bàá ààlà gba inú igbó wọ Cross River, Akwa Ibom, Benue àti Taraba. Ó ju 80,000 lọ tí orúkọ wọn ti wọ ìwé UNHCR, àjọ àgbáyé tó ń mójú tó àwọn ogúnléndé, ní Nàìjíríà. Ibùdó àti abúlé tó sún mọ́ ààlà ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń gbé, bíi Adagom nítòsí Ogoja. Ẹni tó bá ní ojúlùmọ̀ tó lè sá bá, tàbí iṣẹ́ ọwọ́ tó lè ta, á wọ ọkọ̀ lọ sí ìlú ńlá. Báyìí ni àwọn kan ṣe dé ọ̀dọ̀ wa.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti gbàgbé. Ẹkùn méjèèjì yìí wà pẹ̀lú Nàìjíríà rí. Nígbà tí wọ́n gba Kamẹrúùnù lọ́wọ́ Jámánì nínú Ogun Àgbáyé Kìíní, apá tó bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń ṣàkóso pọ̀ mọ́ tiwa, kódà àwọn aṣojú wọn jókòó ní ilé ìgbìmọ̀ ní Enugu. Ọjọ́ 11 oṣù Kejì 1961 ni wọ́n dìbò. Apá àríwá ní Nàìjíríà làwọn fẹ́, apá gúúsù lọ bá Kamẹrúùnù. Ó lè jẹ́ pé Èkó ni wọ́n ti ń ṣàkóso bàbá bàbá ọmọ tí a ń pè ní àlejò lónìí, nígbà tí bàbá náà wà lọ́mọdé. Ìbò ọjọ́ kan ṣoṣo ló yí i padà.

Kárí ayé, àjọ UNHCR ṣírò àwọn tí ogun àti inúnibíni ti lé kúrò nílé sí mílíọ̀nù 123 ní òpin 2024. Nǹkan bí 40 nínú 100 wọn ló jẹ́ ọmọdé. Lọ́dọọdún, ó ju 300,000 ọmọ lọ tí wọ́n ń bí sẹ́nu ìsá. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò mọ ilé kankan ju ibi tí ìyá rẹ̀ sá dé lọ.

Ó yá, Abẹ́òkúta. Ní 1830 tí Ṣódẹkẹ́ kó àwọn Ẹ̀gbá dé abẹ́ Olúmọ, kò sẹ́ni nínú wọn tó wá gbafẹ́. Ogun tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìṣubú Òwu ti run igbó Ẹ̀gbá. Wọ́n ti kó ọmọ lẹ́rú, wọ́n ti dáná sun ìlú. Àwọn tó ṣẹ́kù ti gbé Ìbàdàn láàárín àwọn jagunjagun tí kò fẹ́ rí wọn sójú. Oko Adágbá, ará Ìtókò, ni ibi tí wọ́n wá fẹ̀yìn tì, ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pe ìlú náà ní Oko Adágbá. Ní nǹkan bí 1834, àwọn Òwu tí ìlú tiwọn náà ti parun wá bá wọn, wọ́n sì fún wọn níbi tí wọ́n máa tẹ̀dó sí. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, àwọn tí wọ́n ti kó lẹ́rú, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lórí òkun tí wọ́n sì kó dé Freetown, bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá. Àwọn la mọ̀ sí Sàró.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn mọ́ mi jù ni pé kò sí ìlú kan nínú àwọn tó sá wá náà tó ju orúkọ rẹ̀ nù. Ará Kémta kó Kémta dé. Ará Ìkìjà kó Ìkìjà dé. Ìjẹmọ̀, Ìpórò, Erúnwọ̀n, bákan náà. Ìlú tí iná ti jó kanlẹ̀ nínú igbó tún di àdúgbò nísàlẹ̀ àpáta, pẹ̀lú ìjòyè tirẹ̀, pẹ̀lú Ògbóni tirẹ̀, pẹ̀lú oríkì tirẹ̀. Aláké ń bẹ, Ọ̀ṣilẹ̀ ń bẹ, Àgúrá ń bẹ, Olówu ń bẹ, títí di òní. Bí o bá bi ọmọ Ẹ̀gbá pé ọmọ ibo ni, tó sì mọ̀ pé ará ilé ló ń bi òun, kò ní dúró lórí Abẹ́òkúta. Á ní ọmọ Ìjẹmọ̀ lòun, ọmọ Ìtẹ̀sì lòun. Ìlú tí kò sí níbi tó wà tẹ́lẹ̀ mọ́ láti nǹkan bí igba ọdún ló dárúkọ yẹn. Síbẹ̀ kò sẹ́ni tó máa sọ fún un pé nígbà tó ṣì ń rántí Ìjẹmọ̀ inú igbó, kò lè jẹ́ ojúlówó ará Abẹ́òkúta. Ohun méjèèjì jọ ń gbé inú ẹ̀ láìjà.

Nínú àwọn Sàró ni ọmọdé kan wà tí gbogbo ayé wá mọ̀ lẹ́yìn. Ní 1821 ni wọ́n kó Àjàyí lẹ́rú ní Òṣoogùn, ó ṣì jẹ́ ọmọ tí kò ju bí ọdún méjìlá, mẹ́tàlá lọ. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí tó fi dé inú ọkọ̀ ojú omi, àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì gbà á sílẹ̀ ní 1822. Ní Freetown, ó rí èdè tuntun, ẹ̀sìn tuntun, orúkọ tuntun: Samuel Crowther. Nígbà tó dé Abẹ́òkúta ní 1846, àlùfáà ni. Ibẹ̀ ló ti gbọ́ pé ìyá òun, Àfàlá, wà láàyè, kò sì jìnnà. Ó ti tó ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí wọ́n ti rí ara wọn kẹ́yìn. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn di ara àwọn mú, àwọn ń wo ara àwọn, ọ̀rọ̀ kò jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni, omijé ń dà lójú ìyá òun. Ó wá ní ìyá náà bẹ̀rẹ̀ sí í pe òun ní àwọn orúkọ tí ìyá ńlá òun máa ń pe òun nígbà tí òun wà ní kékeré.

Mo máa ń ronú lórí gbólóhùn yẹn púpọ̀. Ọkùnrin náà ti sún mọ́ ẹni ogójì ọdún. Ó ti ní ìyàwó, ó ti ní ọmọ, bíṣọ́ọ̀bù Lọ́ńdọ́nù ti gbé ọwọ́ lé e lórí. Orúkọ tí wọ́n ń pè é lọ́mọdé ṣì mọ̀ ọ́n wá. Kò torí ìyẹn bọ́ Crowther sọnù. Ó ń jẹ́ Àjàyí, ó ń jẹ́ Crowther, títí tó fi kú ní 1891. Bíbélì èdè Yorùbá tó ṣe agbátẹrù rẹ̀ kì bá tí ṣeé ṣe fún ẹni tó ní ọ̀kan ṣoṣo nínú méjèèjì.

Ẹlòmíràn gba ọ̀nà tirẹ̀. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, tí wọ́n bí l'Abẹ́òkúta ní 1900, ní ìyá ńlá kan nínú ìdílé bàbá rẹ̀ tí wọ́n ti kó lẹ́rú, tó ti Sierra Leone padà sílé. Frances Abigail ni wọ́n fi orúkọ òyìnbó sọ ọ́. Lẹ́yìn tó ti Gẹ̀ẹ́sì dé, ó pa orúkọ méjèèjì tì, ó ní Fúnmiláyọ̀ ni òun. Òun ló yàn án, kò sẹ́ni tó fipá bọ́ ọ lọ́rùn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọ̀dọ̀ ọmọ ti òde òní. Mo mọ ọmọkùnrin kan ládùúgbò wa, kò tíì pé ọdún mẹ́tàlá. Ìyá rẹ̀ ń yan ẹja nírọ̀lẹ́ ní ọ̀nà Pánṣẹ́kẹ́. Kumbo ni wọ́n ti wá, ní òkè Kamẹrúùnù níbi tí àwọn Nso ń gbé. Ọmọ yìí ń fi ohùn Ẹ̀gbá ná ọjà pẹ̀lú oníbàárà, ó ń fi pijin bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀, èdè Nso tó gbọ́ kò ju ìkíni àti ìbáwí lọ. Nílé ìwé, wọ́n ń pè é ní ọmọ Kàlàbá. Ó ti ṣàlàyé títí, ó ti sú u. Ìyá rẹ̀ máa ń se ẹ̀fọ́ tí wọ́n ń pè ní njama-njama nílé wọn fún un. Ó rí èyí tó jọ ọ́ lórí igbá àwọn ẹlẹ́fọ̀ọ́ ní Kútọ̀, odú tiwa ni. Ọmọ náà ń jẹ ẹ́ nílé, ṣùgbọ́n kì í gbé e lọ sí ilé ìwé.

Òun ni ẹnu ìyá rẹ̀. Bí wọ́n bá lọ sí ilé ìwòsàn, òun ló ń sọ ibi tó ń dun ìyá rẹ̀ fún nọ́ọ̀sì. Bí ẹni tó fún wọn láyè lẹ́bàá títì bá fẹ́ fi owó kún owó ilẹ̀, òun ló ń gbọ́ ọ kó tó yí i sí pijin. Mo ti rí i tí ẹnì kan ń sọ̀rọ̀ burúkú sí ìyá náà ní Yorùbá, tí ọmọ yìí sì dákẹ́, tó ní: "Ó ní ẹ kú iṣẹ́." Ẹrù wúwo ni fún ọmọ ọdún méjìlá láti máa yan ohun tí ìyá rẹ̀ máa gbọ́ àti èyí tí kò gbọdọ̀ gbọ́. Ìdílé ogúnléndé tí ìyá kò gbọ́ èdè ìlú tó dé, tí ọmọ gbọ́ ọ, irú nǹkan yìí kì í wọ́n níbẹ̀. Ọmọ á gba ipò àgbà kó tó tó àgbà, ọwọ́ àṣẹ òbí á sì máa dẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, olùkọ́ Yorùbá wọn ní kí gbogbo kíláàsì lọ béèrè oríkì wọn wá. Ọmọ náà lọ bá ìyá onílé wọn, ọmọ Ìjẹmọ̀ tó ti lé ní àádọ́rin ọdún.

"Màmá, ẹ bá mi kọ oríkì kan."

"Oríkì ta ni?"

"Èyíkéyìí, Màmá. Tíṣà kò ní mọ̀."

Ìyá onílé ní kó jókòó. Ó bi í pé kí ni orúkọ bàbá bàbá rẹ̀, kí ni wọ́n ń ṣe nílé wọn, irú ìlú wo ni. Kò mọ ìkankan nínú rẹ̀. Màmá ní kó lọ béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, kó tó padà wá. Lálẹ́ ọjọ́ náà ni ìyá tó ti ń yan ẹja láti ọ̀sán jókòó ti ọmọ rẹ̀, tó dárúkọ agbo ilé wọn ní Kumbo, tó sọ fún un pé níwájú Fọ́n, ọba wọn, èèyàn kì í bọ ọba lọ́wọ́, àtẹ́wọ́ ni wọ́n ń pa. Ọmọ náà padà lọ ní àárọ̀, ó rò ó fún Màmá. Màmá wá ní, "Ó dáa, kọ ìyẹn sílẹ̀. Tèmi tí mo fún ẹ ni Àkànní, nítorí èmi náà fẹ́ ohun tí n ó máa fi kì ẹ́." Ó kọ méjèèjì. Olùkọ́ rẹ̀ jẹ́ kó kà á sókè, kíláàsì sì fẹ́ mọ ìdí tí wọ́n fi ń pàtẹ́wọ́ fún ọba.

Ohun tí ìyá onílé yẹn ṣe, àwọn onímọ̀ ti yẹ irú rẹ̀ wò. John Berry, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá ní Kánádà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣèwádìí lórí àwọn ọ̀dọ́ tí ìdílé wọn ṣí lọ sí ìlú onílùú, ní orílẹ̀-èdè 13. Ìwádìí náà jáde ní 2006. Ọ̀nà mẹ́rin ni Berry là sílẹ̀: ọmọ lè di ti ilé mú kó ti tuntun dànù, ó lè di tuntun mú kó gbàgbé ilé, ó lè pàdánù méjèèjì, ó sì lè di méjèèjì mú. Àwọn tó di méjèèjì mú ni ọkàn wọn balẹ̀ jù, tí wọ́n sì ń ṣe dáadáa jù nílé ìwé. Àwọn tí wọ́n ń fojú pa rẹ́ nítorí ibi tí wọ́n ti wá ni nǹkan kò rọgbọ fún. Nítorí náà, olùkọ́ tó bá rò pé òun ń ṣàánú ọmọ nípa sísọ fún un pé kó gbàgbé Kamẹrúùnù kó sì di Ẹ̀gbá kíákíá, ìpalára ló ń ṣe fún un.

Ṣùgbọ́n oríkì kò lè ṣe iṣẹ́ ìwé. Òfin ló ni ibi tó le jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, abala 25, sọ pé ẹni tí wọ́n bá bí sí Nàìjíríà lẹ́yìn òmìnira kò di ọmọ Nàìjíríà àfi tí ọ̀kan nínú àwọn òbí rẹ̀ tàbí àwọn òbí òbí rẹ̀ bá jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Wọn ìbáà bí i sí ilé ìwòsàn ní Ìjàyè, kó sì má tíì kọjá Ṣágámù rí, òfin kò kà á mọ́ wa. Ohun tó ṣẹ́kù fún un ni abala 27. Ó gbọ́dọ̀ ti dàgbà tó ẹni tí òfin kà sí àgbà, kó ti gbé Nàìjíríà fún ọdún 15. Gómìnà ìpínlẹ̀ tó ń gbé sì gbọ́dọ̀ gbà pé àwọn ará àdúgbò tẹ́wọ́ gbà á, àti pé ó ti mọ́ra nínú ìgbé ayé wa. Ẹ tún un kà. Òfin fúnra rẹ̀ ló fi ọ̀rọ̀ bóyá ọmọ yìí jẹ́ tiwa lé ohun tí àdúgbò bá sọ lọ́wọ́. Àwọn tó wọlé ní òpin 2017 kò ní pé ọdún 15 títí di òpin 2032.

Àwọn kan á ní ṣebí ọmọ Kamẹrúùnù ni, kó lọ gba ìwé Kamẹrúùnù. Lóòótọ́, òfin ibẹ̀ gbà pé ọmọ tí òbí rẹ̀ jẹ́ ará Kamẹrúùnù jẹ́ tiwọn. Ṣùgbọ́n ìwé náà wà lọ́wọ́ ìjọba tí ìdílé rẹ̀ sá fún. Ìyá wo ló máa rìn wọ ọ́fíìsì ìjọba tí ṣọ́jà rẹ̀ sun ilé rẹ̀, kó ní òun wá forúkọ ọmọ òun sílẹ̀?

Ìpínlẹ̀ Ògùn ti rí irú èyí rí. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Làìbéríà ní òpin 1989, wọ́n ṣí ibùdó fún àwọn ogúnléndé ní Òrù-Ìjẹ̀bú ní 1990. Àwọn ará Sierra Leone wá bá wọn níbẹ̀ nígbà tí ogun tiwọn bẹ̀rẹ̀ ní 1991. Ọmọ dé ibẹ̀, ọmọ dàgbà síbẹ̀, wọ́n bí ọmọ síbẹ̀. Ó máa ń yà mí lẹ́nu: àwọn tí wọ́n ń pè ní Oku, àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú dé Freetown tí wọn kò padà, ṣì ń bẹ lára àwọn ará Sierra Leone títí di òní. Ilẹ̀ tó gba àwọn ọmọ wa sílẹ̀ nígbà náà ni ogun wá lé tirẹ̀ sọ́dọ̀ wa. Ní 2007, wọ́n ti ibùdó náà. Nàìjíríà, orílẹ̀-èdè méjèèjì, ECOWAS àti UNHCR sì fọwọ́ sí àdéhùn pé ẹni tó bá fẹ́ dúró á gba ìwé ìrìnnà ìlú rẹ̀ pẹ̀lú àṣẹ láti gbé kó sì ṣiṣẹ́ níbí gẹ́gẹ́ bí ará ECOWAS. Ọ̀nà yẹn kò ṣí fún ọmọ Kumbo. Kamẹrúùnù kò sí nínú ECOWAS.

Àwọn nǹkan kan wà tí kò nílò kí wọ́n yí òfin padà. Gbogbo ọmọ tí wọ́n bá bí sí Nàìjíríà, ta ni ìbáà jẹ́ òbí rẹ̀, ni àjọ ètò ìkànìyàn gbọ́dọ̀ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n sì fún un ní ìwé ìbí. Ìwé yẹn kò sọ ọ́ di ọmọ Nàìjíríà, ṣùgbọ́n láìsí i, kò ní rí ohun tó máa fi hàn pé wọ́n bí òun síbì kankan. NIN náà kì í ṣe fún ọmọ Nàìjíríà nìkan, àlejò tó ń gbé níbí lábẹ́ òfin lè gbà á, ọmọ tó bá sì fẹ́ ṣe JAMB kò lè ṣe é láìní in. Nàìjíríà ti fọwọ́ sí àdéhùn àgbáyé ti 1951 lórí àwọn ogúnléndé. Àdéhùn yẹn ní kí ọmọ wọn lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ bí ọmọ onílé ṣe ń lọ, láìsí ìyàtọ̀. Àwọn ọ̀gá ilé ìwé tó ń ka èyí lè tún fọ́ọ̀mù wọn tẹ̀ kí sáà tó ń bọ̀ tó wọlé: kí wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún ibi tí wọ́n ti bí ọmọ, kí wọ́n fi òmíràn sílẹ̀ fún orílẹ̀-èdè àwọn òbí rẹ̀, kí tíṣà má sì bá ẹnikẹ́ni kọ ohun tí kò sọ.

Abala 25 ní tirẹ̀ nílò àtúnṣe. Nàìjíríà ti fọwọ́ sí àdéhùn ilẹ̀ Áfíríkà lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé, tó ní kí orílẹ̀-èdè tí wọ́n bá bí ọmọ sí gbà á bí ọmọ rẹ̀ tí orílẹ̀-èdè mìíràn kò bá gbà á, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn kò tíì wọ inú ìwé òfin wa. Kí wọ́n tó lè yí i padà, àwọn aṣòfin ní Àbújá gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, ilé ìgbìmọ̀ 24 nínú 36 tó wà ní àwọn ìpínlẹ̀ sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i pẹ̀lú wọn. Òkè-Mosàn níbí ni ọ̀kan nínú wọn wà, àwa la sì dìbò yan àwọn tó jókòó síbẹ̀.